Kí ló yẹ kó ṣáájú kí ọmọ tó rìn, kó tó kàwé, kó tó kọ́ṣẹ́? Ìjíròrò àwọn òbí Òṣogbo

Alámòójútó Òròkí
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin òbí wa. Ìbéèrè mẹ́ta ni kì í tán níbí: "kò tíì rìn", "kò tíì sọ̀rọ̀", "kò fẹ́ kàwé". Ìdáhùn ti fọ́n káàkiri, ẹni tó bá pẹ́ dé kì í rí i mọ́. Ẹ jẹ́ ká kó o jọ sójú kan. Ẹ sọ òdiwọ̀n, ẹ sọ iye, ẹ sọ ìdí. Ẹ má sọ pé "tèmi ṣe báyìí" o, torí ọmọ méjì kì í dàgbà bákan náà. Ohun tí mo fẹ́ ká máa wò ni ohun tó ń ṣáájú. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbà kò lè jókòó, èyí tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè sọ ọ́. Ibi tí a bá ti fo nǹkan ló ti máa ń wọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹ ṣé, Alámòójútó. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i. Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má fún un dànù pé ó ti bàjẹ́. Òun ni ààbò àkọ́kọ́ tí ọmọ ń gbà. Lẹ́yìn náà, ọmú nìkan fún oṣù 6 gbáko. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí glúkóòsì. Ikùn ọmọ tuntun kéré jọjọ. Omi tó bá wọ ibẹ̀ ti gba àyè ọmú, ọmú tí ọmọ kò bá sì fà, ara ìyá á dín in kù. Àgbo rírọ ló burú jù níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún ọmọ nímú kó lè gbé e mì, àgbo náà lè gba kòmóòkun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: oyin. Mo mọ̀ pé kò sí ìsọmọlórúkọ tí kì í sí oyin níbẹ̀, a kò ní kó o kúrò. Ṣùgbọ́n kí ìyá àti bàbá tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ, kó má kan ètè ọmọ náà. Irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn àgbà ń borí, àmọ́ tó ń hù nínú ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó sì ń sọ oró tó ń mú ara ọmọ rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ó di ọdún kan géérégé kí ọmọ tó fẹnu kan oyin.

Káńfọ̀, bọ́ọ̀lù funfun olóòórùn tí à ń jù sáàárín aṣọ: ẹ kó o kúrò nínú aṣọ ọmọ pátápátá, àti nínú aṣọ tí ẹ fi ń pọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ láàárín wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD tó, àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Òórùn káńfọ̀ lásán tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń fọ́, ojú àti ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Bí pípọ́n yẹn bá pọ̀ jù, ó ń wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tí kò gbọ́ràn ní ọdún 2, tí ọrùn rẹ̀ kò gbà, tí wọ́n ń wá orísun rẹ̀ kiri, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ọmọ sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ fi ìka tẹ imú rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò, ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀. Tó bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí tó ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ ń sùn tí kò fẹ́ mu ọmú, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró de ọ̀la. Òòrùn àárọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tó. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ńlá bí UNIOSUN kì í ṣe irú ìmọ́lẹ̀ tí òòrùn ojú fèrèsé lè fún un.

Ìwọ́ ọmọ: jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń fún yín ní ilé ìgbẹ̀bí ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, yẹ̀pẹ̀, epo tàbí aṣọ gbígbóná sí i. Gìrì tí à ń pè ní àìsàn ọmọ tuntun, ipá ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn, ojú ìwọ́ ló sì gbà wọlé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ti oṣù 15, torí ọmọ ti ń sáré kiri nígbà yẹn. Ìkejì èéyi ni, òun ló sì ń dáàbò bo àwọn ọmọ tí àkọ́kọ́ kò mú lára wọn.

Ìyá Wúrà
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ oṣù 13 tí kò rìn, tí kò tilẹ̀ rá, tó jẹ́ ìdí ló fi ń wọ́ kiri ńkọ́? Ìyá àgbà ní ká gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ká rì í mọ́ ọn dé ìbàdí.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹ kú sùúrù, Ìyá Wúrà. Ẹ má rì í mọ́ yẹ̀pẹ̀, mà. Ẹsẹ̀ tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan, ṣíṣiṣẹ́ ló sì ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ìyá.

Àjọ ìlera àgbáyé wọn èyí lára àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè mélòó kan. Jíjókòó láìfara ti nǹkan: láàárín oṣù 4 sí 9. Ríra: oṣù 5 sí oṣù 13 àtààbọ̀. Dídúró láìdi nǹkan mú: oṣù 7 sí 17. Dídá rìn: oṣù 8 sí oṣù 17 àtààbọ̀. Ẹ rí bí àyè ibẹ̀ ti fẹ̀ tó. Àwọn ọmọ kan kì í sì í rá láé, wọ́n á fi ìdí wọ́, wọ́n á dìde, wọ́n á rìn.

Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ohun tó ṣáájú wà níbẹ̀. Ṣé ó ń jókòó kó ẹ̀yìn ró? Ṣé ó ń di àga mú dìde? Tó bá ti ń dì í mú dìde, tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ to àpótí tó wúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àlàfo ibẹ̀ máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà láìwọ bàtà, kí ìka ẹsẹ̀ lè gbá ilẹ̀ mú. Wọ́kà oníkẹ̀kẹ́, ẹ jù ú nù. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ọmọ fi ń ti ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kò kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé ara ró, ó sì lè gbé e jù sínú gọ́tà. Pípọ̀n dára, ẹsẹ̀ tó yà sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn ìyá ń mú oríkèé ìbàdí jókòó dáadáa. Àmọ́ ọmọ tí a pọ̀n láti ìgbà tí ọjà ṣí títí di ìrọ̀lẹ́ kò rí ilẹ̀ lò. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹní lẹ́yìn ìsọ̀, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn tí ẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn: ọmọ tí kò jókòó ní oṣù 9, tí kò rìn ní oṣù 18, tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan àtààbọ̀ (ọwọ́ kejì lè jẹ́ aláìlera), tàbí tó ti mọ nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀ tó wá gbàgbé ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò ní ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 3 tó ti ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, ilé ìwòsàn.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ oṣù 6 sókè bá ṣàdédé wú, tó ń ké bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún SS. Ọ̀pọ̀ ọmọ arọmọléegun ni irú wíwú yìí kọ́kọ́ ń fara hàn lára wọn, wọ́n á sì ní eyín ló fà á.

Onímọ̀ Oúnjẹ Ọmọdé
Ẹ jẹ́ n bá nọ́ọ̀sì fi kún ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ọrun títí di ọdún 2, kò burú. Kí orúnkún máa gbá ara wọn láàárín ọdún 3 sí 5, kò burú. Ó máa ń tọ́ ní nǹkan bí ọdún 7. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 2, tí ọrùn ọwọ́ àti kókósẹ̀ ń wú, egungun rírọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn á ní òòrùn ni kò tó. Òòrùn wa tó lọ́pọ̀lọpọ̀, kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ ni kò tó nínú ọ̀pọ̀ tiwa. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀bà àti àmàlà nìkan kò rí i. Edé, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tí a lọ tegungun-tegungun, wàrà àti wàràǹkàṣì ni kẹ́ ẹ wá. Owó díẹ̀ ra edé ní Ọjà Ọba.

Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 6, kò sì lé ọmú lọ: ọmú ń bá a lọ títí di ọdún 2. Oṣù 6 gan-an, ṣíbí ìjẹun 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 2 sí 3 lójúmọ́. Dé oṣù 8, ìdajì ife 250ml. Oṣù 9 sí 11, ìdajì ife náà, ìgbà 3 sí 4, kẹ́ ẹ fi ìpanu kún un. Láti ọdún kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife títí dé ife kan.

Ibi tí a ti ń ṣàṣìṣe jù ni ògì. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, a ń da púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ara dàgbà nù mọ́ èérí. Ẹ̀kọ mímu tó bá ń ṣàn bí omi, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọmọ á yó, ikùn á yọ, kò ní sanra, kò sì ní ga. Nítorí náà ẹ lọ ìyẹ̀fun: àgbàdo tàbí ọkà bàbà ife 6, ẹ̀wà sóyà ife 3, ẹ̀pà ife 1.

Ẹ ṣa ẹ̀wà sóyà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ yan án títí á fi pọ́n tí yóò máa ta sánsán, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo bọ́. Ẹ má lọ ọ́ ní tútù, torí ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ikùn lò ó, iná nìkan ló ń pa á. Ẹ yan àgbàdo lọ́tọ̀, ẹ̀pà lọ́tọ̀, torí wọn kì í jinná lákòókò kan náà. Ẹ̀pà tó bá súnkì, tó ní èbu, tàbí tó korò, ẹ dà á nù. Yíyan kì í pa oró èbu. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ ata má kàn án. Ẹ lọ ìwọ̀n tí ọ̀sẹ̀ 2 á jẹ tán, nítorí òróró ẹ̀pà máa ń kan. Tí ẹ bá ń sè é, ẹ fi ṣíbí edé lílọ̀ kan àti epo pupa ìlàjì ṣíbí sí i. Ẹ dojú ṣíbí dé: tó bá ṣàn kúrò, ó fúyẹ́ jù.

Ohun ìwọ̀n: ẹ fi téèpù wọn apá òsì ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, ní àárín èjìká àti ìgúnpá. Tí kò bá tó 12.5cm, ọmọ ti ń rù. Tí kò bá tó 11.5cm, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì wú tí ìka ń wọlé síbẹ̀, ẹ gbé e lọ ní kíákíá.

Àti ọ̀rọ̀ eyín: eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Oṣù 6 ni eyín ń hù, oṣù 6 náà ni ọmọ ń kó ọwọ́ àti ilẹ̀ sẹ́nu. Ìdọ̀tí ọwọ́ ló fà á. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un mu: omi lítà 1 tí a sè tó tutù, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ lé. Ẹ fi zinc kún un láti ọwọ́ onílé ìwòsàn, ọjọ́ 10 sí 14, kẹ́ ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ tí ìgbẹ́ bá dá. Tí àwùjẹ bá jin, tí ojú wọlé, tí kò tọ̀ mọ́, àsìkò ilé ti kọjá.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi
Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ sísọ ni tèmi.

Oṣù 2: ó ń dáhùn pẹ̀lú ohùn lásán. Oṣù 6 sí 7: "ba-ba, da-da". Nǹkan bí ọdún kan: ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀. Ọdún 2: nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50, tó sì ń so méjì pọ̀, "màmá wá", "gbé mi". Ọdún 3: kí àlejò lè gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó ń sọ. Tí kò bá sí ìró "ba-ba" ní oṣù 10, tí kò tọ́ka sí nǹkan ní oṣù 14, ẹ kọ́kọ́ yẹ etí wò, kẹ́ ẹ tó pè é ní ọmọ tó ya odi. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí yín, ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ tó ń wo ètè lè tàn yín jẹ.

Fóònù kì í kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Fóònù ń sọ, kò dúró de èsì. Ọ̀rọ̀ ń wọlé nígbà tí ọmọ bá wò nǹkan, tí ẹ pe orúkọ nǹkan náà, tí ẹ dákẹ́ díẹ̀ kó dáhùn. Oríkì àárọ̀ tí ìyá àgbà ń kì fún un dára ju ọ̀pọ̀ wákàtí àwòrán lọ, torí ojú wà lójú, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kó tó pé ọdún 2, ẹ má fún un rárá. Láti ọdún 2 sí 4, kó má kọjá wákàtí kan lójúmọ́.

Ọwọ́: ọdún 3 ló ń ya róbótó, ọdún 4 ló ń ya àgbélébùú, nǹkan bí ọdún 5 ló ń ya igun mẹ́rin àti igun mẹ́ta. Ọmọ tí kò lè ya igun mẹ́ta kò lè kọ A. Ẹ kò lè fi pàṣán fò ó. Ẹ fún un ní àmọ̀, ẹ̀wà ṣíṣà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbó, bọ́tìnnì dídè. Oṣù díẹ̀, ọwọ́ á mọ́ra.

Alọ́wọ́-òsì: kó fi òsì kọ̀wé, kó fi ọ̀tún kí àgbà àti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Méjèèjì lè wà pọ̀. Bí ẹ bá fipá mú un fi ọ̀tún kọ, ìwé kíkọ nìkan lẹ bàjẹ́.

Bàbá Ìdòwú
Tíṣà, mo gbọ́. Àmọ́ ilé-ìwé tó wà ní àdúgbò wa báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń béèrè ní ìdánwò ìgbàwọlé. Bí a bá ń sọ Yorùbá sí i nílé, ṣé kò ní pẹ́ sẹ́yìn?

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi
Rárá, ẹ̀yin bàbá wa. Nítòsí wa níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún 6 ní ilé-ìwé St. Stephen's. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ yẹn kò pẹ́ sẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ kì í kọ́ ìtumọ̀ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ti mọ̀ pé òùngbẹ ló ń pa igi kò ní láti tún un mọ̀, orúkọ tuntun nìkan ló kù.

Ẹ dín àdàlù kù: "Come and jẹun, ọmọ, sit down". Ẹ sọ gbólóhùn Yorùbá tó pé, ẹ sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó pé.

Kíkà: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì 7, a e ẹ i o ọ u, kó máa fi ẹnu rẹ̀ ya wọ́n sọ́tọ̀, pàápàá e àti ẹ, o àti ọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ba be bẹ bi. Ohùn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé e, kẹ́ ẹ má fi í sẹ́yìn: igba, igbá, ìgbà, igbà. Ẹ fi ọwọ́ gbé ohùn sókè, ẹ fi tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láìfi àmì sí i á máa méfò, lẹ́yìn náà á ní Yorùbá le.

Ọ̀gá Ọlọ́pọ́n
Ìṣirò: ẹ ra ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 48. Ọmọ ọdún 6 á kọ́ kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún 8 á ti máa mọ iye tó kù láìkà á, ọdún 10 á ti máa rò ó ṣáájú. Tí ẹ bá ń kà á ní Yorùbá, ẹ ṣàlàyé pé márùndínlógójì jẹ́ 40 tí a yọ 5 kúrò. Ìyọkúrò ni orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọ.

Olùkọ́ Girama
Ìgbà ìbàlágà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí àwọn òbí máa ń dákẹ́ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin: ọyàn ń yọ láàárín ọdún 8 sí 13, nǹkan oṣù sì ń tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọdún 2 lẹ́yìn náà. Ọmọkùnrin: láàárín ọdún 9 sí 14. Tó bá ṣáájú èyí, tàbí tí ọmọbìnrin pé 15 láìrí nǹkan oṣù, ẹ lọ bá dókítà. Nítorí náà ọdún 8 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ orúkọ nǹkan bó ṣe jẹ́. Páàdì: wákàtí 4 sí 6, ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ, kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sá a sínú òòrùn gbangba, kó má fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ mìíràn. Òjìji ló ń mú kòkòrò bí. Abẹ́rẹ́ HPV wà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, láti 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dínà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Kì í sọ ọmọbìnrin di àgàn.

Orun: wákàtí 8 sí 10. Aago ara ọ̀dọ́ ń sún síwájú ní ọjọ́ orí yìí, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kì í kún fún orun títí di alẹ́ púpọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ gba fóònù ní wákàtí kan kó tó sùn.

Apá ọpọlọ tó ń rò ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ wá kì í parí iṣẹ́ títí di ọdún bí 25. Apá tó ń fẹ́ ìdùnnú ti ṣetán tipẹ́. Ẹ bá a rò ó sílẹ̀ ṣáájú: "Tí wọ́n bá ní kó o wá gun ọ̀kadà wọn lọ wo ọdún Ọ̀ṣun, kí lo máa sọ?" Kó sọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu rí rọrùn láti tún sọ lójú ẹgbẹ́.

Ìyá Aláró
Ìlú aró la wà, ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Ọmọ tí ẹ fẹ́ kó kọ́ adìrẹ, ẹ má jù ú sínú ìkòkò lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Ọmọ ọdún 9, 10, nígbà ọlidé: kó máa fi okùn di aṣọ, èyí tí à ń pè ní adìrẹ oníko. Ìka ló ń kọ́. Dídì tó bá dẹ̀, aró á wọlé, kò ní sí funfun. Ọdún 12, kó fi ìyẹ́ adìyẹ fa ìlà lórí aṣọ tí a ti ṣẹ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ọdún 14, kó ro ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Tó bá ṣàn, ìlà á tàn kálẹ̀; tó bá le, á sán nígbà tó bá gbẹ, aró á gba ibẹ̀ wọlé. Kó ṣe é kó bàjẹ́ lórí àkísà, kó rí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀lú ni kó gbẹ̀yìn: bó ṣe ń jáde ní àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn sì ń sọ ọ́ di búlúù, àti pé fífà á síta láàárín rírì kọ̀ọ̀kan ló ń mú un dúdú.

Àwọn tó ń lo sódà tó ń jó ara (caustic soda) báyìí, ọmọ tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ kàn án. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòjú, ìta gbangba. Sódà ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà, á ta sójú.

Kí ó tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù, ẹ kọ́ ọ ní owó. Kó dá àjọ lọ́wọ́ alájọ: ₦500 lójúmọ́, ọjọ́ 30, ₦15,000. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ₦14,500 ló kù. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì mọ èyí tó jẹ́ ti aṣọ àti ẹ̀lú, àti èyí tó jẹ́ èrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa ló ń jẹ owó ọjà.

Ìyá Wúrà
Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n ọmọ oṣù 13 mi yẹn ńkọ́, ọmọ ọdún 8 tó ṣì ń tọ̀lé? Wọ́n ní ká gbé ẹní rẹ̀ lé e lórí yípo àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, ojú orun ló wà. Ó máa ń wà nínú ìdílé, ẹ bi ìyá àgbà léèrè ẹni tó tọ̀lé tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ rẹ̀: tó bá ń le, tó ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta, ìgbẹ́ inú ń tẹ àpò ìtọ̀. Ẹ fún un ní ọsàn, ẹ̀fọ́ àti omi dáadáa lọ́sàn-án, kí omi mímu dín kù lẹ́yìn agogo 6 ìrọ̀lẹ́, kó tọ̀ kó tó sùn. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ ẹní, kó bá yín ṣà á lówùúrọ̀ láìsí ariwo. Tí kò bá dá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ mú un lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ fún oṣù 6 tó wá tún bẹ̀rẹ̀, pàápàá tó ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ pa, tó ń rù, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ṣúgà.